Ìwé Tó Bá Obì Wọ Zongo Parakou

Bí ènìyàn bá dárúkọ Zongo ní Parakou, ní àríwá Benin, ọjà ló máa ń wá sọ́kàn ẹni, àti ẹran sísun, àti ọkọ̀ akẹ́rù tó dorí kọ Malanville, àti Hausa tó ń ta àlùbọ́sà. Kò burú. Òwò ló dá Zongo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọ ibẹ̀ láyé àtijọ́ kì í ru ọjà nìkan. Àwọn àlùfáà máa ń bá wọn rìn, àwọn wọ̀nyí a sì máa gbé àpò awọ kọ́ èjìká, tí ìwé tí a kò dì wà nínú rẹ̀, ewé lórí ewé. Àríyànjiyàn kan wà nínú àwọn ewé wọ̀nyẹn tó ti gbó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún: ṣé dandan ni kí ènìyàn lè fi ẹ̀rí gbe ìgbàgbọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí ìgbàgbọ́ náà tó jẹ́ ìgbàgbọ́, àbí ti ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé rárá ti tó? Bí ìbéèrè yẹn ṣe rìn dé ilẹ̀ Ìbàrìbá ni mo fẹ́ sọ.

Ojú ọ̀nà obì ni Parakou wà. Láti Kano, àwọn oníṣòwò á kó kánún, aṣọ àti awọ, wọ́n á sọdá odò Ọya, wọ́n á san owó ibodè fún àwọn ọba Ìbàrìbá, wọ́n á gba Nikki, Parakou tàbí Djougou kọjá títí wọ́n á fi dé Salaga, níbi tí wọ́n ti ń ra obì gbàǹja. Nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Kaiama, ìlú Ìbàrìbá kan, ní 1826, ó bá ọ̀wọ́ oníṣòwò kan pàdé tó ń darí bọ̀ láti Gonja, ilẹ̀ tí Salaga wà: àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ju 1,000 lọ, ẹran arẹrù wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn níye. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kó wọ àárín ìlú. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Bí àgọ́ ṣe ń di ahéré nìyẹn, tí ahéré ń di ilé, tí ilé ń di àdúgbò tó ní mọ́ṣáláṣí àti lémọ́ọ̀mù tirẹ̀: Zongo nìyẹn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀wọ́ ń rìn. Bí òjò bá ká ẹni mọ́ ojú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ baálé tó gbà á sílẹ̀ ni yóò máa gbé títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Àlùfáà tí òjò ká mọ́ Zongo kò ní oko tí yóò ro níbẹ̀. Ọmọ ló máa kọ́.

Kí Hausa tó pọ̀ níbẹ̀ ni àwọn Wangara ti wà ní ilẹ̀ Ìbàrìbá. Láti ilẹ̀ Mali ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, oníṣòwò ni wọ́n, àlùfáà sì ni wọ́n. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano sọ pé nígbà ìjọba Yaji, láàárín 1349 sí 1385, ni bí 40 nínú wọn gbé ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ ìlú náà. Àwọn tó yà sí ọ̀dọ̀ Ìbàrìbá gbàgbé èdè baba wọn, Dẹ́ńdì ni wọ́n ń sọ dòní, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé orúkọ ìdílé: Touré àti Traoré ṣì wà nílé. Ọba ibẹ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà. Ó gbà wọ́n láàyè, ó ń bẹ̀ wọ́n ní àdúrà, wọ́n sì fi ọba sílẹ̀ fún ètùtù rẹ̀. Ìlànà kan tí àwọn Wangara ń tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Al-Hajj Salim Suwari ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: kí Mùsùlùmí tó ń gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí má ṣe fi ogun pe ẹnikẹ́ni sẹ́sìn, kí ó fi ìwà àti ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Lójú tèmi, ìlànà yìí nìkan tó láti sọ ìdí tí Parakou fi jẹ́ ìlú tí Ìbàrìbá, Dẹ́ńdì, Yorùbá, Hausa àti Fúlàní ti ń gbé pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ènìyàn tí àlùfáà Wangara lè jẹ́. Ní Tìmbúkútù, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Wangara kan wà láti Djenné tó ń jẹ́ Muhammad Baghayogho. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ahmad Baba, tó lò ju ọdún 10 lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ọ̀gá yìí á jókòó ti ìwé títí oòrùn yóò fi ga. Nígbà mìíràn á dìde, á lọ bá adájọ́ sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Á padà, á tún kọ́ni títí di àìlá, láti àìlá títí di alásárì. Á lọ kọ́ àwọn mìíràn níbòmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, lẹ́yìn náà á tún jókòó ní mọ́ṣáláṣí di ìrun ìṣáì. Olóye àti òpè, ìjókòó kan náà ni, kò kánjú, àwọn tó ń wò ó kò mọ ibi tó ti ń rí agbára. Ìwé òfin Khalil, èyí tí kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni, Ahmad Baba kà á lọ́dọ̀ rẹ̀ láti páálí dé páálí ní ìgbà 8. Bí àjèjì bá wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ wá yá ìwé tó ṣọ̀wọ́n, á yọ ọ́ fún un, kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ni kò padà wálé. Èmi tí mo mọ bí ìwé tí a yá ni ṣe ń dunni, ojú mi kọ́kọ́ kọ ìtàn yìí.

Ní 1591, ọmọ ogun Mòrókò fọ́ ilẹ̀ Songhay, tí Tìmbúkútù wà nínú rẹ̀. Wọ́n kó Ahmad Baba ní ìgbèkùn lọ sí Marrakesh, ó sì sọ níbẹ̀ pé ìwé 1,600 ni wọ́n kó lọ́wọ́ òun, òun sì ni ìwé rẹ̀ kéré jù nínú ẹbí. Àwọn Songhay tó kù sá gba ìsàlẹ̀ odò Ọya lọ sí ilẹ̀ Dẹ́ńdì, èdè wọn ló sì di èdè àwọn Mùsùlùmí Djougou àti Parakou. Àwọn àlùfáà náà tú ká. Ohun tí Tìmbúkútù sọnù, àwọn ìlú ojú ọ̀nà obì ṣà á díẹ̀díẹ̀.

Kí ló wà nínú àwọn ìwé náà? Òfin àwọn Málíkì ló pọ̀ jù, gírámà Lárúbáwá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìwé pẹlẹbẹ kan wà tó kárí ilẹ̀ láti Senegal dé Chad: Umm al-Barahin, iṣẹ́ Muhammad al-Sanusi ará Tlemcen ní Àlùjíríà, tó kú ní 1490. Tàwúhíìdì ló wà fún, ìmọ̀ ìṣọ̀kan Ọlọ́run. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn, kò sì fi ọ̀run àpáàdì bẹ̀rẹ̀. Làákàyè ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun mẹ́ta péré ni làákàyè lè sọ nípa ohunkóhun: pé kò lè má rí bẹ́ẹ̀, pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, tàbí pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ka ìròyìn 20 tí kò lè má jẹ́ ti Ọlọ́run, bí wíwà, àìníbẹ̀rẹ̀, agbára, ìmọ̀; ó ka 20 tí kò lè jẹ́ tirẹ̀ láéláé; ó sì fi ẹyọ kan kún un, pé Ọlọ́run lè ṣe ohun tó bá ṣeé ṣe, ó sì lè fi í sílẹ̀. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan ló fún ní ẹ̀rí. Pé Ọlọ́run wà, báyìí ni ẹ̀rí rẹ̀: ayé ń yí padà; ohun tó bá ń yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀; ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lè jẹ́ òun ló bẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀; nítorí náà, ẹnìkan ló mú un wá. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ tán, ó kó o jọ sínú kálímà, gbólóhùn ìjẹ́rìí tí ọmọ kékeré mọ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ látilẹ̀wá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀rí mọ́ ẹ̀rí, ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní máńtíkì, ewì kan wà fún un, al-Sullam. Al-Akhdari, ará Àlùjíríà lòun náà, ló kọ ọ́ ní 1534. Nínú ewì náà gan-an ló ti tọrọ àforíjì, pé ọmọ ọdún 21 lòun, kí àwọn àgbà má bínú bí òun bá ṣìṣe. Àwọn àgbà kò bínú. Títí dòní ni wọ́n ń há a sórí.

Àmọ́ máńtíkì kò wọlé láìsí ìjà. Ní nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, al-Maghili, ará Tlemcen bíi ti al-Sanusi, rìn wá sí Kano, ó kọ ìwé ìmọ̀ràn fún Ọba Muhammad Rumfa, ó sì dáhùn ìbéèrè Askia Muhammad, ọba Songhay, ní Gao. Òun àti al-Suyuti, àgbà àlùfáà ìlú Cairo, fi ewì bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Al-Suyuti ní ìmọ̀ kèfèrí ni, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀. Al-Maghili ní òtítọ́ kì í di irọ́ nítorí ẹnu ẹni tó ti jáde. Ẹ kíyè sí i pé ìwé tí àwọn méjèèjì kọ ni wọ́n ń kà pọ̀ ní ilẹ̀ Hausa àti Tìmbúkútù. Tàfúsíìrì, àlàyé Kùránì tí al-Suyuti parí, wọ́pọ̀ ní ilé kéú, ewì máńtíkì al-Maghili sì wà lára ohun tí Baghayogho fi kọ́ Ahmad Baba. Àwọn àlùfáà ibẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gba ọwọ́ òsì.

Òtítọ́ ni pé ọ̀dọ̀ Gíríìkì ló ti wá. Aristotle ni orísun rẹ̀. Ibn Sina, ará Páṣíà tó kú ní 1037, ló gba ọgbọ́n náà tó fi ya ohun tí kò lè má wà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lè wà tó sì lè má wà. Ìyàsọ́tọ̀ yìí ni al-Sanusi fi la ìwé rẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n náà rin ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, ní Toledo, wọ́n túmọ̀ Ibn Sina sí èdè Látìn, wọ́n túmọ̀ ìwé al-Ghazali, àlùfáà ará Páṣíà, náà. Ibn Rushd, adájọ́ Málíkì ará Kọ́dóbà, tẹ̀ lé wọn láìpẹ́. Nígbà tí Thomas Aquinas, fádà Àgùdà tó kú ní 1274, jókòó ní Róòmù láti kọ ọ̀nà márùn-ún tí a fi lè mọ̀ pé Ọlọ́run wà, ọ̀nà kẹta dúró lórí ohun tó lè wà tó sì lè má wà. Ẹni tó bá ti ka al-Sanusi lórí ẹní ní Zongo yóò dá a mọ̀ kíákíá bí a bá kà á fún un ní Dẹ́ńdì. Ìlànà kíkọ wọn pàápàá jọra: bí ẹnìkan bá sọ pé báyìí, a ó fèsì pé báyìí. George Makdisi, onímọ̀ ìtàn kan, tilẹ̀ kọ ìwé ní 1981 láti fi hàn pé lára àwọn Mùsùlùmí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ Yúróòpù ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà ìjíròrò wọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà fún un. Wọ́n sì bá ara wọn jà níbẹ̀ bíi ti Cairo: ní 1277, bíṣọ́ọ̀bù Paris ka ẹ̀kọ́ 219 léèwọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti inú ìwé Aristotle àti Ibn Rushd wá.

Mo ní kí n má gbàgbé ìyá arúgbó. Al-Juwayni, ọ̀gá al-Ghazali, kú ní 1085 lẹ́yìn tó ti lo ayé rẹ̀ lórí ẹ̀rí àti àtakò. Wọ́n ròyìn pé nígbà tó ń kú lọ, ó ní orí ìgbàgbọ́ àwọn ìyá arúgbó Nishapur, ìlú rẹ̀, lòun ń kú sí. Ní 1273, nígbà Lẹ́ńtì, Aquinas ń wàásù fún àwọn ará ìlú ní Naples. Ó sọ fún wọn pé kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣáájú Jésù tó mọ̀ nípa Ọlọ́run tó ohun tí ìyá arúgbó kan mọ̀ nípa ìgbàgbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Méjì nínú àwọn olórí pípé jùlọ láyé, ọ̀nà wọn kò pàdé, ọ̀dọ̀ arúgbó obìnrin kan náà ni àwọn méjèèjì já sí.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà kò parí sí orí ibùsùn ikú. Al-Sanusi le: nínú ìwé rẹ̀ tó tóbi jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka ẹni tó kàn ń tẹ̀ lé ohun tí ó gbọ́ sí onígbàgbọ́. Àwọn Fúlàní wá gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí èdè tiwọn, wọ́n ń pè é ní kabbe, wọ́n ń fi ẹnu kọ́ darandaran àti obìnrin tí kò mọ Lárúbáwá. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Muhammad al-Wali, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Baghirmi ní Chad òde òní, tún kó ìtúmọ̀ tí wọ́n ń fẹnu sọ yìí padà sínú Lárúbáwá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọgbọ́n tó ti ọwọ́ Gíríìkì dé Páṣíà, dé Tlemcen, bọ́ sẹ́nu darandaran, ó sì tún ti ẹnu darandaran padà sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ bá ti di ti gbogbo ènìyàn, ó rọrùn láti sọ ọ́ di ìdánwò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bi tálákà léèrè: fún wa ní ẹ̀rí pé Ọlọ́run wà. Bí kò bá lè rò ó bí ìwé ṣe rò ó, wọ́n á ní kèfèrí ni. Usman dan Fodio, tí ayé mọ̀ sí ajagun, kọ̀wé takò wọ́n léraléra. Ó ní ẹni tó bá ti jẹ́rìí, tó ń kírun, Mùsùlùmí ni, àwọn tó ń lé e jáde ni kí wọ́n bẹ̀rù. Àwọn ènìyàn ń rántí asíá rẹ̀ ju ìwé wọ̀nyí lọ. Èmi ka ìwé wọ̀nyí sí ohun tó dára jù tó fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà fi ogun pe àwọn ọba Hausa ní kèfèrí nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, èyí tí àwọn Wangara ojú ọ̀nà wa kò ní ṣe.

Ogun yẹn kan Parakou lọ́nà tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́ kó Ìbàrìbá mọ́ra láti gbógun ti Ìlọ́rin, tó wà lábẹ́ Sókótó, ìjọba tí ogun Usman dá sílẹ̀; ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ nìyẹn. Ìlọ́rin ṣẹ́gun wọn, ọba Nikki kú sójú ogun. Ilẹ̀ Ìbàrìbá kò bọ́ sọ́wọ́ Sókótó láéláé, ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà Ìlọ́rin kò dẹ́kun láti máa lọ síbẹ̀, wọ́n ń fẹ́yàwó níbẹ̀, wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Shaykh Adam Abdullah al-Ilori. Ní 1917 ni wọ́n bí i, ní Wasa ní àríwá Benin, Ìlọ́rin sì ni ìdílé baba rẹ̀. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 kó tó gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ó kó ọmọ kéú kúrò lórí ẹní sórí àga, ó fún wọn ní kíláàsì àti ìdánwò, àwọn tó sì jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí wọ Benin.

Kí Markaz tó dé, báwo ni wọ́n ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Zongo? Ọmọ á kọ́kọ́ fi wàláà kọ́ Kùránì, á fi kálámù bọ tàdáwà, á kọ ọ́, á há a, á fọ̀ ọ́ nù, á tún kọ òmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ń dúró níbẹ̀. Díẹ̀ ló ń kọjá sí ìwé ìmọ̀. Ẹni tó bá kọjá á gbé ewé ìwé rẹ̀ wá síwájú àlùfáà, á ka gbólóhùn kan, àlùfáà á já a sí wẹ́wẹ́ ní Hausa, ní Dẹ́ńdì tàbí ní Yorùbá, ó dá lórí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ ni yóò kọ wínníwínní sí etí ìwé. Nígbà tó bá kà á tán, ọ̀gá á sọ orúkọ ẹni tó kọ́ òun, àti ẹni tó kọ́ ẹni náà, akẹ́kọ̀ọ́ á sì so tirẹ̀ mọ́ ìdí.

Lẹ́yìn náà ni Faransé dé. Ní 1894, Lugard ti Gẹ̀ẹ́sì àti Decoeur ti Faransé ń sáré ìje lọ sí Nikki, ẹni tó máa kọ́kọ́ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ọba. Faransé ló gba ibẹ̀ níkẹyìn. Salaga náà ti dàrú nínú ogun abẹ́lé, ogun yẹn ló sì lé al-Hajj Umar, ọmọ Kano tó ń kọ́ni níbẹ̀, lọ sí Kete-Krachi, níbi tó ti kọ ewì gígùn nípa àwọn òyìnbó tó ń wọlé. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, ọkọ̀ ojú irin ti dé Parakou láti Cotonou, kò sì kọjá ibẹ̀ mọ́. Ẹrù gbogbo tó ń lọ sí Niger di ohun tí wọ́n ń já sílẹ̀ níbẹ̀, Zongo sì wú. Yorùbá oníṣòwò pọ̀ nínú àwọn tó bá ọkọ̀ ojú irin wá.

Ọkọ̀ ojú irin kan náà ló gbé ẹ̀ka kejì ọgbọ́n náà wá. Ní 1879, Póòpù Leo Kẹtàlá pàṣẹ pé Aquinas ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fádà. Nígbà tí Ìjọ Àgùdà ṣí ilé ẹ̀kọ́ Saint-Gall ní Ouidah ní 1914, ẹ̀kọ́ yẹn ló wọlé tọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni Bernardin Gantin tó di kádínà ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1964, Parakou di ìlú bíṣọ́ọ̀bù, ó sì di ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní 1997. Ẹ wò ó, ní ìlú kan ṣoṣo yìí, fádà kan wà tó há ọ̀nà márùn-ún Aquinas sórí, àlùfáà kan sì wà tó há ìròyìn 20 al-Sanusi sórí. Wọ́n ń kí ara wọn lọ́jà, bóyá ni wọ́n mọ̀ pé ọmọ ìyá ni ìwé wọn.

Ìjà tuntun tún ti dé láàárín àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ní Medina àti ibòmíràn ní ilẹ̀ Lárúbáwá padà wálé, wọ́n ní al-Sanusi ti fi ọgbọ́n Gíríìkì ba tàwúhíìdì jẹ́, ìwé Ibn Taymiyya, tó kú ní 1328, ló yẹ kí a máa kà. Àwọn àgbà Tìjáníyà, ẹgbẹ́ Súfí, dáhùn. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àná ni. Ohun tí al-Suyuti sọ fún al-Maghili ni.

Paulin Hountondji, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Benin tó kú ní 2024, kọ̀wé ní àwọn ọdún 1970 pé kò sí ìmọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí kò bá sí ohun tí àwọn Áfíríkà fọwọ́ ara wọn kọ, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Wọ́n bú u púpọ̀, wọ́n ní ó kẹ́gàn òwe àti ifá. Mi ò ní bá wọn bú u. Ohun tó béèrè wà nílé, ní àríwá orílẹ̀-èdè rẹ̀ gan-an, nínú àpò awọ, pẹ̀lú àríyànjiyàn létí ìwé.

Ẹ̀yin ìdílé àlùfáà Zongo, àti ti Djougou àti Nikki, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Ẹ má ta ìwé bàbá yín fún àjèjì, ẹ má sì jẹ́ kí ikán àti òjò jẹ ẹ́ tán lájà. Yunifásítì ti wà ní Parakou láti 2001. Ẹ pe àwọn olùkọ́ ibẹ̀ wá sílé, kí wọ́n ya àwòrán ewé kọ̀ọ̀kan lójú yín, títí kan èyí tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀ ní Dẹ́ńdì, Hausa àti Yorùbá, kí wọ́n sì fi ìwé náà sílẹ̀ fún yín níbi tí wọ́n ti bá a.